Tẹ́ńpìlì àti adágún odò ní Khon Kaen: ohun táwọn èèyàn máa ń bi mí

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Khon Kaen. Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan láti Ìbàdàn tàbí Peckham kò ní fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun ń bọ̀ ní Táílándì, kí ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí Bangkok? Mo ti dáhùn títí, ẹnu ti ń ro mí. Mo wá kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Níbo ni Khon Kaen wà gan-an?

Àríwá ìlà-oòrùn Táílándì ni, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Isan, nǹkan bíi 450 kìlómítà sí Bangkok. Olú ìlú ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni. Ìtàn ìlú sọ pé ọdún 1783 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà ayé Ọba Rama Kìíní, ère ẹni tó sì kọ́kọ́ jẹ olórí ìlú, Phra Nakhon Si Borirak, wà létí adágún títí dòní. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé níbí bá ti àwọn ará Laos tan ju ti Bangkok lọ. Tí ẹ bá kọ́ Thai láti inú fóònù kẹ́ ẹ tó wá, wọn á gbọ́ yín, àmọ́ ẹ lè má gbọ́ ohun táwọn ìyá ọlọ́jà ń bá ara wọn sọ.

Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ wọ bàálù?

Tó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní ní Táílándì, tí ẹ ò sì tíì dé ibẹ̀ rí, rárá. Ẹ lọ sí Bangkok. Mi ò ní tan yín jẹ.

Ẹni tó bá ti rí ariwo Bangkok, tó ti tò sórí ìlà gba tíkẹ́ẹ̀tì wọ tẹ́ńpìlì, tí àwọn arìnrìn-àjò bíi tiẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un nítorí fọ́tò, òun ni kó wá síbí. Wọn ò kọ́ Khon Kaen fún àlejò. Ìlú òṣìṣẹ́, ilé ìwòsàn àti yunifásítì ni, tẹ́ńpìlì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn níbẹ̀. Ẹ lè jókòó wákàtí kan nínú rẹ̀ láìrí àlejò mìíràn, kí ẹ máa wo ìyá àgbà kan tó ń to òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo.

Tẹ́ńpìlì wo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Wat Nong Waeng. Wat ni wọ́n ń pe tẹ́ńpìlì ní èdè Thai, ẹ ó máa rí ọ̀rọ̀ yẹn níbi gbogbo. Etí adágún ńlá ìlú ló wà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè ṣì í mọ̀, torí ilé gogoro alájà mẹ́sàn-án tó wà nínú ọgbà rẹ̀, Phra Mahathat Kaen Nakhon, ga tó 80 mítà. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 50 mítà, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń ròkè. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé ó jọ àwọ̀n apẹja tí wọ́n fi kọ́ kó lè gbẹ. Mo rò pé àwàdà ni títí mo fi wò ó láti òdìkejì omi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: àwọ̀n ni lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tú sílẹ̀, orí rẹ̀ so jọ.

Kì í ṣe ilé àtijọ́ o. Wọ́n kọ́ ọ fún ayẹyẹ 200 ọdún ìlú náà àti àádọ́ta ọdún tí Ọba Bhumibol lò lórí ìtẹ́, èyí tó pé ní 1996. Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, igi tí wọ́n fín ìtàn Búdà sí, èèyàn lè fi ọ̀sán kan wò ó láìsú.

Kò sí lífítì. Àtẹ̀gùn lẹ máa gùn, bẹ́ ẹ sì ṣe ń gòkè ni àyè ń há sí i. Lókè pátápátá, ní àjà kẹsàn-án, ni wọ́n tọ́jú ohun mímọ́ tí wọ́n gbà pé ara Búdà fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ẹ rọra sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá bọ́ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: adágún lápá kan, òrùlé ìlú lápá kejì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

Aago mélòó ló dáa jù láti gùn ún?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ọ̀sán gangan, nínú oṣù April, ni mo lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo bọ́ bàtà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, mo gòkè, mo sì fi ẹsẹ̀ òfìfo tẹ táìlì ìta tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀. Ijó tí mo jó lọ́jọ́ náà, kò sí onílù kankan tó lù ú. Mọ́ńkì ọ̀dọ́ kan tó ń gbálẹ̀ bojú kó má baà rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn, ìbọ̀sẹ̀ kì í wọ́n nínú báàgì mi, kò sì séèyàn tó máa bá yín wí tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá gòkè ní aago mẹ́rin, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lásìkò tí adágún ń jí.

Mo gbọ́ pé àwòrán èèwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni mo máa ń mú ọmọ Yorùbá lọ tààrà. Àjà kejì. Àwọn ohun èlò ilé ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹja, irinṣẹ́ ìhunṣọ, wọ́n sì kun ara ògiri pẹ̀lú àwòrán ohun tí wọ́n ń pè ní khalam.

Khalam ni èèwọ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ ní èdè yòówù tí mo gbọ́. Kì í ṣe òfin ìjọba, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí pásítọ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí a kì í ṣe ni, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá bi àgbà léèrè ìdí, á ní bí àwọn baba ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Lára khalam ilẹ̀ Isan ni pé aboyún kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà tàbí sórí àtẹ̀gùn, kí ọmọ má baà há sọ́nà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti kìlọ̀ fún rí pé aboyún kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ sọ.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin débẹ̀ nígbà tó wá kí mi. Kò bìkítà fún wúrà ìsàlẹ̀ tàbí adágún tó wà níta. Iwájú ògiri khalam ló dúró sí, tó ń nàka sí àwòrán níkọ̀ọ̀kan, tó ń ní, "Èyí jẹ́ tiwa. Èyí náà jẹ́ tiwa."

Kí ni kí n wọ̀?

Ohun tó bo èjìká, tó sì bo orúnkún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bùbá àti ṣòkòtò dáa gan-an. Ìró rẹwà, àmọ́ ẹ rántí àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló fi ọwọ́ kan di ìró mú, tó fi èkejì di irin àtẹ̀gùn mú, tó ń bú mi lọ sókè. Ẹ ṣí fìlà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé. Híjáàbù kò ní wàhálà. Bàtà tó rọrùn láti bọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀, torí ẹ lè bọ́ ọ ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́.

Tí pákó tàbí òkúta bá dábùú ẹnu ọ̀nà, ẹ rekọjá rẹ̀. Ẹ má tẹ orí rẹ̀.

Kristẹni ni mí, Mùsùlùmí sì ni ọkọ mi. Ṣé a lè wọlé?

Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ẹ̀sìn yín. Ẹ ò sì ní láti tẹríba fún ère, tan tùràrí, tàbí jókòó gbàdúrà. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ dákẹ́, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò. Ohun tó kù wà láàárín yín àti ẹ̀rí ọkàn yín. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pé ìta ló máa ń dúró sí, lábẹ́ igi, tó ń fún ẹja lóúnjẹ. Wọ́n gbé omi tútù wá fún un níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ kì í kọjú sí ère Búdà, kì í sì í kọjú sí èèyàn. Ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí obìnrin bá kúnlẹ̀ kí àgbà, kẹ́ ẹ wá fi ìdí lélẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lórí, ọmọdé pàápàá.

Ṣé òrìṣà ni Búdà?

Ìbéèrè yìí le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Búdà, Siddhartha Gautama, èèyàn ni. Nǹkan bíi 2,500 ọdún sẹ́yìn ló gbé ayé, lágbègbè tó di Nepal àti Íńdíà lónìí. Nínú ẹ̀ka Theravada tí wọ́n ń ṣe ní Táílándì, wọn ò kà á sí ẹlẹ́dàá. Olùkọ́ tó rí ọ̀nà ni, tó sì fi ọ̀nà náà han àwọn èèyàn.

Ohun tí ìwé wí nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó sí tẹ́ńpìlì, ẹ ó rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọrọ kí ìdánwò gbè é, ẹ ó sì rí oníṣòwò tó ń tọrọ oníbàárà. Níwájú ọ̀pọ̀ ilé, ẹ ó tún rí ilé kékeré kan lórí òpó, tí wọ́n gbé omi pupa inú ìgò sí pẹ̀lú òdòdó, fún ẹ̀mí tó ni ilẹ̀. Wọn ò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Èmi náà ti lọ sí ìsìn Sunday nílé, kí n tó bá wọn jẹ ẹ̀wà ìbejì ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà mi ò lè ju òkúta.

Báwo ni kí n ṣe sí àwọn mọ́ńkì?

Bí ẹ ó ṣe ṣe sí àgbàlagbà tẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún, kódà bí mọ́ńkì náà ò bá ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, kẹ́ ẹ tẹ orí ba. Wai ni wọ́n ń pè é.

Obìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mọ́ńkì, kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Mo mọ òfin yìí, mo sì gbàgbé rẹ̀. Mo na àpòòwé ọrẹ sí bàbá arúgbó kan. Kò wí nǹkan kan. Ó kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú aṣọ kékeré kan, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó di etí kan mú. Mo gbé àpòòwé náà lé aṣọ, ó fà á sọ́dọ̀. Gbogbo rẹ̀ ò gbà tó ìṣẹ́jú kan, ojú sì tì mí títí mo fi délé.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, bíi aago mẹ́fà, wọ́n máa ń rìn kiri ìgboro láìwọ bàtà, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, láti gba oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ bọ́ bàtà yín náà. Wọn kì í jẹun mọ́ tó bá ti di ọ̀sán, nítorí náà ẹ má gbé ìrẹsì lọ fún wọn ní aago mẹ́ta.

Kí ni ìwé wúrà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ère?

Wúrà tí wọ́n lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó tín-ín-rín ju awọ àlùbọ́sà lọ. Wọ́n máa ń fi sáàárín ìwé kékeré méjì, pẹ̀lú òdòdó kan, àbẹ́là kan àti igi tùràrí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ á ṣí ìwé náà díẹ̀díẹ̀, á dáwọ́ mímí dúró, torí èémí lásán lè gbé e lọ, á wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká tàbí orúnkún ère. Ó máa ń ku díẹ̀ lórí ìka. Mo rí ìyá kan tó fi ìyẹn ra iwájú orí ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà sín.

Ẹ ó tún gbọ́ ariwo ṣaka-ṣaka. Agolo onígi ni, tí wọ́n kó igi pẹlẹbẹ tó ní nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ẹ mì í títí ọ̀kan á fi jábọ́, ẹ wá lọ mú ìwé tó bá nọ́ńbà náà mu, ó máa sọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí. Ọ̀rẹ́ mi babaláwo tó wà ní Ọ̀ṣun rí fídíò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló sábà máa ń jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tiwọn kò tíì tó odù 256.

Ẹ sọ̀rọ̀ adágún. Kí ló wà níbẹ̀?

Bueng Kaen Nakhon lorúkọ rẹ̀. Bueng túmọ̀ sí adágún. Nǹkan bíi 600 rai ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn bíi kìlómítà kan níbùú lóròó. Ọ̀nà tó yí i ká gùn tó kìlómítà mẹ́rin, èèyàn lè rìn ín ní wákàtí kan tí kò bá dúró. Àmọ́ ẹ ó dúró.

Ní ọ̀sán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe oòrùn. Láti aago márùn-ún ni ìlú ń tú jáde. Àwọn tó ń sáré ń sáré, àwọn màmá ti tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá sí orin, àwọn ọmọdé jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n ń kun ère ẹfun ní pupa àti àwọ̀ ewé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra wọn á háyà ọkọ̀ ojú omi tó ní orí pẹ́pẹ́yẹ funfun, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Ẹni tó bá ra oúnjẹ ẹja, tó sọ ọ́ sómi, á rí omi tó ń hó: ẹja ńlá ńlá tí ẹnu wọn fẹ̀ bí àwo, tí wọ́n ń gun ara wọn lórí.

Tí aago mẹ́fà bá lù, orin orílẹ̀-èdè á dún. Gbogbo èèyàn ló ń dúró. Mi ò ní gbàgbé ìgbà àkọ́kọ́: ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, lójijì ó dúró gbagidi, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn màmá oníjó náà dúró pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé ẹnìkan ti kú. Orin tán, ọkùnrin náà sì ń bá eré rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ bá wọn dúró. Wọ́n tún máa ń ṣe é ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ọba, ẹ má dá àpárá kankan. Òfin ilẹ̀ yìí fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí 15 sí i fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí i. Àwòrán ọba wà lára owó, nítorí náà tí kọ́ìnì bá ń yí lọ, ẹ má fi ẹsẹ̀ dá a dúró.

Ṣé èèyàn lè wẹ̀ nínú adágún náà?

Rárá.

Kí ni Khon Kaen túmọ̀ sí?

Ẹ ní láti jáde kúrò nígboro kẹ́ ẹ tó rí ìdáhùn, bíi 30 kìlómítà, lọ sí àgbègbè Nam Phong, sí tẹ́ńpìlì Wat Chetiyaphum. Ilé mímọ́ funfun kan wà níbẹ̀, Phra That Kham Kaen, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ alájà mẹ́sàn-án, àmọ́ òun ni ẹ̀gbọ́n.

Ìtàn wọn ni pé àwọn mọ́ńkì kan ń gbé ohun mímọ́ Búdà lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ Phra That Phanom, ní ẹ̀bá odò Mekong. Ilẹ̀ ṣú wọn sọ́nà, wọ́n sun ibi kùkùté igi àjàgbọn kan tó ti gbẹ. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ, wọ́n bá a pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀, kò sáyè fún ohun tí wọ́n gbé wá. Wọ́n yíjú padà. Nígbà tí wọ́n dé ibi kùkùté yẹn, ó ti rúwé. Wọ́n ní ibẹ̀ ló yàn fúnra rẹ̀, wọ́n sì kọ́lé lé e lórí. Kham ni àjàgbọn, kaen ni ọkàn igi. Kham Kaen ló yí padà di Khon Kaen.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ajá kan sábà máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Wat Nong Waeng lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ibi tí fọ́tò ti máa dán yanran lè má gbà pẹ̀lú mi.

Mo ní ọjọ́ kan sí i. Níbo ni kí n lọ?

Ọ̀nà méjì ló wà.

Ẹni tó fẹ́ àwòrán, kó lọ sí Wat Chai Si ní abúlé Sawathi, bíi 20 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn. Ilé ìjọsìn kékeré àtijọ́ wà níbẹ̀, sim ni wọ́n ń pè é ní Isan, wọ́n kun ara ògiri rẹ̀ nínú àti níta. Ìtàn Sinxai ló kún ibẹ̀: ọmọ ọba tó fi ọfà àti idà lọ gba àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ òmìrán, pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ méjì, ọ̀kan ní orí erin lórí ara kìnnìún, èkejì jẹ́ ìgbín òkun oníwúrà. Tẹ́ ẹ bá padà sígboro, ẹ gbójú sókè wo òpó iná ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta yìí náà ló wà lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sim àtijọ́, obìnrin kì í wọlé, ẹ wo àmì ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe orò kò ní bínú sí i. Àwòrán tó wà níta pàápàá tó ohun wíwò.

Ẹni tó fẹ́ omi, kó lọ sí ìdídò Ubolratana, tí wọ́n parí ní 1966 lórí odò Nam Phong, bíi 50 kìlómítà. Omi rẹ̀ fẹ̀ débi pé àwọn ará Isan tí kò ní òkun ti sọ etí rẹ̀ kan di etíkun, Bang Saen 2 ni wọ́n pè é, wọ́n yá orúkọ náà lọ́wọ́ etíkun kan nítòsí Bangkok. Wọ́n ní ilé oúnjẹ orí omi níbẹ̀, ẹ jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ bo tí wọ́n sì yan wá. Búdà funfun ńlá kan wà lórí òkè tó kọjú sí omi náà, ní Wat Phra Bat Phu Phan Kham. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 1,000. Mọ́tò náà ń gba ẹ̀yìn gòkè, mo kàn ní kí n sọ.

Ìgbà wo nínú ọdún?

November sí February, tí atẹ́gùn tútù. March sí May, ooru lè dé 40. Òjò ń rọ̀ láti May títí dé October. Tẹ́ ẹ bá wá ní April 13 sí 15, Songkran ni, ọdún tuntun wọn, omi ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá. Kó má sì ya yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá rí 2568 lára tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 2025: kàlẹ́ńdà Búdà fi 543 ọdún ṣíwájú tiwa.

Físà ńkọ́?

Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹni tó ní ti Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà lè wọlé láìní físà fún ìwọ̀nba ọjọ́, àmọ́ iye ọjọ́ náà ń yí padà, ẹ wò ó ní òpó ìjọba wọn. Gbogbo wa la ó kọ fọ́ọ̀mù TDAC, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú tí àlejò ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí á tó dé, láti 1 May 2025. Ọ̀fẹ́ ni. Òpó tó bá ní kẹ́ ẹ san owó lórí rẹ̀, jìbìtì ni.

Ohun tó ń dá àwọn èèyàn wa dúró ni yẹ́lò káàdì. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo wá gbọ́dọ̀ fi ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ hàn. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà gan-an, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ má ra ìwé lásán.

Báwo ni mo ṣe máa dé Khon Kaen láti Bangkok?

Bàálù wákàtí kan, bọ́ọ̀sì láti ibùdókọ̀ Mo Chit, tàbí rélùwéè láti ibùdókọ̀ ńlá Krung Thep Aphiwat. Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin alẹ́. Nígboro, ẹ wọ songthaew, ó jọ akérò tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, àga méjì kọjú síra, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù pe mọ́tò. Awakọ̀ kan tí mi ò bá dúnàádúrà gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ẹ sọ iye kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ṣé mo máa rí oúnjẹ tí mo lè jẹ?

Ẹ máa jẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun níbí. Ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ni, inú apẹ̀rẹ̀ oparun ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ bù ú, ẹ ṣù ú bí òkèlè, ẹ fi run ọbẹ̀. Adìyẹ yíyan ti Khao Suan Kwang, àgbègbè kan ní ìpínlẹ̀ yìí, lókìkí káàkiri. Ìbẹ́pẹ dúdú tí wọ́n gún pẹ̀lú ata ni som tam, tí wọ́n bá sì fi pla ra sí i, ìyẹn ẹja tí wọ́n pọ́n títí ó fi kan, òórùn rẹ̀ á lé òyìnbó sá. Ẹni tí wọ́n fi irú wò ní kékeré á kàn bèèrè pé àwo kejì dà. Ẹ sọ pé "saep lai", ó dùn gan-an, inú ìyá olóúnjẹ á dùn.

Ṣé mo lè ra ère Búdà lọ sílé?

Wọ́n ń tà á, àmọ́ gbígbé ère Búdà jáde ní Táílándì gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà. Ẹ ra aṣọ sílíìkì mudmee dípò rẹ̀, ti Chonnabot, àgbègbè kan ní ìpínlẹ̀ yìí, ni gbajúmọ̀. Òwú ni wọ́n ń dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, kí wọ́n tó wá hun ún. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ oníko á mọ ohun tí mò ń wí, àfi pé òwú ni tiwọn ń dì, aṣọ ni tiwa.

Wọ́n so òwú funfun mọ́ mi lọ́wọ́ ní tẹ́ńpìlì. Ìgbà wo ni mo lè já a?

Ẹ má já a. Àdúrà ni wọ́n fi so ó. Ní òpin November ìlú yìí máa ń ṣe ọdún sílíìkì, òwú yìí kan náà ni wọ́n fi ń so ọ̀rẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà, siao ni wọ́n ń pe irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, tó dà bí ọmọ ìyá. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tú u ní kókó, ẹ má fi àbẹ gé e. Èyí tí ìyá onílé mi so fún mi ti di àwọ̀ eérú. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì máa ń há sẹ́nu àpò mi.